Iyán Tí Kò Ju Ìkúùkù Lọ

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti sọ ọ́ káàkiri Ṣakí pé ebi ni mo fi ń pa àbúrò òun. Ó sọ ọ́ lọ́jà, ó sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ó sọ ọ́ fún ọlọ́kadà tó gbé e délé. Ẹni tó bá sì ti fojú kan ọkọ mi rí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà àti ara rẹ̀ kò jọra, nítorí ọkùnrin tí ebi ń pa kì í jókòó sórí àga rọ́bà kí àga náà pín sí méjì. Àga mẹ́ta ni Ràsáàkì ti ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sì ń kó àfọ́kù wọn síta. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n lè sinmi.

Àwáwù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Samsu ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, torí Samsudeen tó jẹ́ àkọ́bí wa. Ọmọ Ṣakí ni mí. Àgọ́-Àmọ́dù ni mo lọ lọ́kọ, orí ebè ni mo sì ti bá ọkọ náà.

Ẹni tí kò bá mọ Ràsáàkì nígbà yẹn kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkùnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́, èèyàn lè dúró ní òdìkejì oko kó máa ka egungun ìhà rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ ọ̀wẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá kóra jọ láti bá ẹnì kan kọ ebè iṣu, òun ni wọ́n máa ń fi síwájú. Kí oòrùn tó mú, á ti kọ igba ebè tirẹ̀ tán, á ti máa wẹ̀yìn wò bóyá àwọn tó ń gbé iyán bọ̀ ti yọ. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá bá a ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni òkìkí Ràsáàkì sì ti kàn. Iyán tí àwa obìnrin mẹ́ta jọ gún, tí apá ń ro wá lórí ẹ̀, òun nìkan á jókòó tì í. Á jẹ ẹ́ tán, á fi ìka nu ìsàlẹ̀ àwo ọbẹ̀, á sì dìde padà sídìí ọkọ́. Àwọn èèyàn á máa bi ara wọn pé ibo ló ń kó o sí. Bàbá Jẹ́ẹ́dé, àbúrò bàbá rẹ̀, ló máa ń dá wọn lóhùn. Ó ní, "Abẹ́ ebè ló ń kó o sí." Gbogbo oko á bú sẹ́rìn-ín.

Àwàdà la pe ọ̀rọ̀ yẹn. A ò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ wá sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn ọ̀la, tí kò ní rẹ́rìn-ín.

Àánú ọmọ ló kó wa sínú ohun tí a wà yìí, kí Ọlọ́run má ka ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn. Samsudeen ríṣẹ́ gidi ní Ìbàdàn, ó ní bàbá òun kò ní kú sórí ebè. Ó gba ṣọ́ọ̀bù fún un níhìn-ín ní Ṣakí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Pólì. Ó kó oògùn apakoríko àti ajílẹ̀ kún inú rẹ̀, ó ra àga onítìmùtìmù kan sí i, ó ní kí bàbá òun jókòó. Ràsáàkì jókòó lóòótọ́. Ó ń jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi máa ṣú. Àwọn àgbẹ̀ ń wá ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n má baà fi ọkọ́ roko mọ́, òun náà kò sì fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Ikùn rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ pé iṣẹ́ ti yí padà. Tó bá jí, ẹ̀kọ àti àkàrà. Tó bá di ọ̀sán, ìrẹsì, tàbí gàrí tí á da ṣúgà sí bí ẹni ń da iyanrìn. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, iyán, òkìtì kan náà tó ń jẹ nígbà tó ń kọ igba ebè, kò fi òkèlè kan dín.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, wọ́n sì ń yìn ín. Tó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Bàbá Samsu, ayé ń yẹ yín o, ara yín ti dá." Àwọn obìnrin ń yin èmi náà. Ní ọ̀dọ̀ wa, tí ọkọ bá sanra, ìyàwó ló ń gba oríyìn. Tó bá rù, ìyàwó náà ló ń jẹ́jọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, ó ń di ògiri mú kó tó lè dìde láti ìforíkanlẹ̀. Nígbà tó yá, ògiri ò tó mọ́. Lèmọ́ọ̀mù wá ní kí wọ́n máa gbé àga sí i lẹ́yìn pátápátá. Láti ìgbà náà ló ti ń kírun lórí àga. Gbogbo ìlà á wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á wá ku òun nìkan lókè bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ bàtà. Ó dùn ún ju bó ṣe ń sọ lọ. Mo gbọ́ ọ níjọ́ kan tó ń tọrọ àdúrà nínú yàrá, tó rò pé mo wà ní kíṣìnnì. Ó ń sọ fún Ọlọ́run pé àárò ilẹ̀ ń sọ iwájú orí òun.

Kò pẹ́ sígbà náà ló ṣubú nílé ìwẹ̀. Mo gbọ́ gbì, mo sáré débẹ̀. Mo fà á lápá, kò gbéra. Mo lọ sẹ́yìn, mo fi èjìká tì í, kò gbéra. Kò jẹ́ kí n pe àwọn tá a jọ ń gbélé, torí ìhòòhò ló wà. Mo fi aṣọ bò ó, mo sì jókòó tì í nínú omi ọṣẹ títí ó fi lè fìdí wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, tó fi rí ibi dì mú. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé mọ́, ẹ̀yìn ń ro mí. Mo rí i pé tí ọkùnrin yìí bá wó, tí kò bá lè dá dìde, mi ò lè gbé e, àwọn ọmọ sì ti tú ká. Ohun tí mò ń bá jà láti ọjọ́ náà nìyẹn. Mi ò bá iyán jà rí láyé mi.

A lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tẹ orúnkún rẹ̀ wò, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó ní sísanra rẹ̀ ló ń tẹ orúnkún pa, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń sún mọ́ ibi tí kò dáa. Ó ní tí kò bá dín ara kù, kí iṣu tuntun míì tó jáde, orí ibùsùn ni wọ́n á ti máa fún un lóúnjẹ. Ó wá fà wá lé nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́, Débọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ní sùúrù. Ó bi Ràsáàkì ohun tó ń jẹ. Ọkọ mi kà á sílẹ̀ fún un láti àárọ̀ títí dé alẹ́, ó tiẹ̀ ń fi ọwọ́ júwe bí iyán ṣe ń ga tó, bí ẹni pé oyè ni wọ́n fẹ́ fi í jẹ.

"Bàbá," nọ́ọ̀sì dáhùn, "iyán, àmàlà, ẹ̀kọ, gàrí, ìrẹsì, búrẹ́dì, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Tí wọ́n bá ti dénú, ṣúgà ni wọ́n ń dà. Ṣúgà yẹn ni agbára tẹ́ ẹ fi ń roko nígbà yẹn. Ẹ ò roko mọ́, kò sì rí iṣẹ́ ṣe nínú yín, ara wá ń sọ ọ́ di ọ̀rá, ó ń kó o pa mọ́. Iyán ò ṣẹ̀ yín. Oúnjẹ ẹni tó ń kọ ebè lẹ ń jẹ, ẹ sì ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù."

Mo rántí Bàbá Jẹ́ẹ́dé àti ebè tó ní Ràsáàkì ń kó iyán sí lábẹ́.

Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe pé kó má jẹ iyán mọ́. Ó ní kó máa jẹ ìwọ̀n ìkúùkù kan, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹ̀wà tàbí ẹja tàbí wàrà gba ìyókù, kó sì máa rìn láàárọ̀. Ràsáàkì di ìkúùkù rẹ̀, ó gbé e sókè. Ọwọ́ tó fi ọkọ́ ṣe ayé ni, ó tóbi. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, mo sì rí i pé inú rẹ̀ ti ń dùn díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ìkúùkù náà, ó wo èmi. Ó ní, "Màmá, tiyín lẹ máa fi wọ̀n ọ́n."

Ẹ má rò pé ó gbà bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nígbà tá a délé, ó ní òun ti ronú sí i, iyán lòun máa fi sílẹ̀, àmàlà lòun á máa jẹ. Mo ní nọ́ọ̀sì ka àmàlà mọ́ ọn. Ó ní nọ́ọ̀sì ò gbin iṣu rí. "Iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná, tí wọ́n sá sórí àpáta, tí oòrùn lù títí tó fi gbẹ tó ń dún koko, tí wọ́n tún wá lọ̀ ọ́. Àwáwù, ṣúgà wo ló fẹ́ kù síbẹ̀? Oòrùn ti fà á gbẹ." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, n kò ní purọ́. Ta ni mo jẹ́ tí màá bá Ràsáàkì jiyàn lórí iṣu? Ó wá ń jẹ àmàlà bí òkè, ìkankan ń tẹ̀ lé ìkankan, ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni tó ń lo oògùn.

Nígbà tá a padà lọ, ó gun ìwọ̀n, ó ti wúwo sí i. Ó sọ ti oòrùn fún nọ́ọ̀sì. Débọ́lá ò fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, omi nìkan ni oòrùn gbé lọ. Tẹ́ ẹ bá sá omi iyọ̀ sóòrùn, ṣé iyọ̀ náà máa ń lọ ni?" Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Ràsáàkì wá ní, ó dáa, kí n máa fi ìkúùkù mi wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e síwájú rẹ̀, ó wo inú àwo, ó sì wo ẹ̀yìn mi bóyá ìyókù ń bọ̀. Ó ní, "Ṣé ti ọmọ tuntun nìyí?" Mo ní, "Tiyín ni." Mo ti se ìṣápá tó kún fún ẹ̀gúsí sí i, mo fi wàrà sí i, mo fi ẹja sí i. Ó jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Lẹ́yìn oúnjẹ ló wá bẹ̀ mí. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n má gbọ́ ọ ní Àgọ́-Àmọ́dù pé Ràsáàkì, tí wọ́n ń fi síwájú lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, ni wọ́n ní kó má jẹ iṣu tẹ́rùn mọ́. Ó ní, "Kí ni wọ́n á máa pè mí?" Mo gbà. Wọ́n ti gba ilẹ̀ lábẹ́ iwájú orí rẹ̀, wọ́n ti gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n wá tún gba èyí tó kù? Mo ní mi ò ní sọ. Ohun tí mi ò rò ni pé ẹni tí kò bá mọ ìdí á máa rí iyán kékeré yẹn, èmi ló sì máa dá lẹ́bi.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni Ojúọlápé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí à ń pè ní Ìyá Ọlágòkè. Ilé ọkọ rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Ìyá wọn kú nígbà tí Ràsáàkì ò tíì já lẹ́nu ọmú, Ojúọlápé tó jẹ́ ọmọdébìnrin ló pọ̀n ọ́n títí ó fi rìn. Ó wọlé bá wa lórí oúnjẹ. Ó wo àwo, ó wo mí.

"Ìyàwó, ṣé iṣu ti tán lọ́jà ni?"

Mo ní, "Rárá, mà."

"Ṣé apá ń dùn ọ́ ni?"

Mo ní, "Rárá, mà." Mò ń retí pé kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sọ ọ́. Ràsáàkì ń lá ọbẹ̀, ó ń wo ògiri. Ìyá Ọlágòkè gbé ìborùn rẹ̀, ó ní òun ti rí i, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti tàn.

Ẹ wò ó, gígún iyán òkìtì rọrùn ju ohun tí mò ń ṣe lọ. Mò ń jí wá ẹ̀fọ́, mò ń ṣà á, mò ń dúró de àwọn obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà láàárọ̀, mò ń se ẹ̀wà tí kò tètè jinná. Mò ń mú ọkùnrin rìn dé ìkóríta bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Tí mo bá dé ọjà, àwọn obìnrin á dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ọ̀kan tiẹ̀ ní kí n bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo ra ata mi, mo lọ sílé. Kò sí ibi tí mo fẹ́ gbé e gbà.

Bó ṣe wá yẹ kí gbogbo rẹ̀ ní èrè, kò ní. A tún lọ gun ìwọ̀n. Kàkà kó fúyẹ́, ṣe ló tún wúwo. Débọ́lá wò mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́, mo mọ̀ pé ó ń rò pé irọ́ ni mò ń pa. Ilé ọkọ ń sọ pé ebi ni mo fi ń pa á, ilé ìwòsàn ń wò mí bí ẹni tó ń bọ́ ọ ní bòókẹ́lẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, mo sunkún díẹ̀, Ràsáàkì sì ń bi mí pé kí ló dé.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó máa ń pa ṣọ́ọ̀bù dé lẹ́yìn ìrun Alásárì, á ní òun fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun kan. Tó bá wọlé lálẹ́, inú rẹ̀ á máa dùn. Kì í kùn sí iyán mi mọ́. Níjọ́ kan, ó ṣẹ́ ẹ kù. Ìkúùkù iyán, ó ṣẹ́ ẹ kù. Ara mi tutù. Mo ní ó parí, ọkùnrin yìí ti fẹ́ ìyàwó. Kí n má tan yín, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kò burú, á di àwa méjì tí á máa gbé e. Ẹ̀yìn ìyẹn ni inú tó wá bí mi.

Ọjọ́ kejì, mo ti ṣọ́ ọ sí kọ̀rọ̀ kan kó tó jáde. Ó dá ọlọ́kadà dúró, ó gùn ún pẹ̀lú wàhálà, ọ̀kadà náà sì rọlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo gun òmíràn tẹ̀ lé e. Kò lọ jìnnà. Ẹnu ọ̀nà Ìyá Ọlágòkè ló sọ̀. Mo dúró síta kí n tó wọlé, mo sì gbọ́ ìró odó láti àgbàlá. Kò sí ìyàwó níbì kankan. Odó ni ọkọ mi ń bá rìn lẹ́yìn mi.

Mo wọlé. Ìyá Ọlágòkè wà nídìí odó, arúgbó obìnrin, òógùn bò ó, ó ń gún un ní òun nìkan. Ràsáàkì wà lórí bẹ́ńṣì, òkìtì ìgbà oko wà níwájú rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì, èyí tó kù nínú odó sì ń bọ̀. Bàbá Jẹ́ẹ́dé náà wà níbẹ̀, ó ti Àgọ́-Àmọ́dù wá. Wọ́n ti ránṣẹ́ pè é nítorí mi.

Ìyá Ọlágòkè ò tiẹ̀ sá. Ó gbé ọmọ odó sílẹ̀. "Ó dáa bó o ṣe wá fúnra rẹ. Bàbá, ẹni tí mò ń sọ nìyí. Ẹ bi í, kí ni àbúrò mi ṣe fún un? Ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn yìí, iyán ni mo fi tọ́ ọ. Ó di ilé rẹ̀, iyán tí kò tó ti ológìnní ló ń gbé fún un. Ṣé ó fẹ́ kó kú ni, kó lè kó ẹrù rẹ̀?"

Bàbá Jẹ́ẹ́dé wò mí, kò fi ìbínú wò mí. Ó ní, "Ìyá Samsu, sọ tìrẹ."

Mo yíjú sí Ràsáàkì. Mo ní, "Bàbá Samsu, ẹ sọ̀rọ̀."

Ó gbọ́ mi. Ó wo iyán, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo Bàbá Jẹ́ẹ́dé tó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń kọ igba ebè. Ó bu òkèlè, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ọbẹ̀, ó gbé e sẹ́nu.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ọjà ò dùn mí tó òkèlè yẹn. Mo fẹ́ pariwo, agbára rẹ̀ ò sí. Mo wo ọwọ́ Ìyá Ọlágòkè, mo rí i pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó nítorí iyán gígún ojoojúmọ́. Ó ń fi ọwọ́ yẹn pa á díẹ̀díẹ̀, ìfẹ́ ló sì fi ń ṣe é. Kí lèèyàn fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà sí? Mo jókòó sí ìdí ògiri, mo gbé orí lé orúnkún mi. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ, mi ò sì sọ.

Wọ́n ń pe ìrun Magáríbì. Ràsáàkì jẹ òkèlè tó kù, ó fọ ọwọ́, ó ní òun fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ó ti ara rẹ̀ dìde, ó mú búta, ó gbé ẹsẹ̀ sọ́nà kọ̀rọ̀ àgbàlá. Mo rí orúnkún náà bó ṣe yẹ̀. Búta kọ́kọ́ fò, òun wá tẹ̀ lé e. Ó dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Ìyá Ọlágòkè ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń pe oríkì rẹ̀, "Àjàní, Àjàní mi," ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó fà. Ó tún fà. Ó kúnlẹ̀, ó fà á pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, ọmọ tó pọ̀n lẹ́yìn rí, kò lè gbé apá rẹ̀ kan kúrò nílẹ̀. Bàbá Jẹ́ẹ́dé fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó wá di ẹsẹ̀ mú. Mo dì í lápá kejì. Kò gbéra. Ìyá Ọlágòkè wá gbójú sókè wò mí, ó sì jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ tó rí mi nìyẹn láti ọjọ́ iyán kékeré.

Ràsáàkì ò kígbe. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà níbi tó ti fi orí gbá ilẹ̀. Ó ní, "Àwáwù, iwájú orí mi ti kanlẹ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán.

Ibẹ̀ náà ló ti sọ ìyókù, nílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀. Dókítà ló ní kí n bù ú kù. Èmi ni mo ní kó má sọ. Ojú ló ń tì mí."

Àwọn ọlọ́kadà tó wà níwájú ilé ni a pè. Wọ́n ki ẹní bọ abẹ́ rẹ̀, gbogbo wa gbá a mú, a gbé e jókòó ti ògiri. Kò ṣẹ́ léegun, a dúpẹ́. Bàbá Jẹ́ẹ́dé mú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró tì í. Ó ní, "Ràsáàkì, kò sí ebè tó máa kó o sí mọ́." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyá Ọlágòkè wá sílé wa, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Kò tọrọ àforíjì, ẹ̀gbọ́n ọkọ kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó, mi ò sì retí rẹ̀. Ó gba kíṣìnnì wọlé, ó fa àpótí, ó jókòó tì mí. Ó wò mí bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀fọ́, ó bá mi ṣa díẹ̀. Iyán ti wà nínú odó, kékeré. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó bó yẹn sí mi, ó dì í ní ìkúùkù.

Ó ní, "Báyìí?"

Mo wò ó. Mo ní, "Ó yẹ kó kéré sí i díẹ̀, mà."

Ó tún un dì, ó rọra fún ìka rẹ̀ mọ́ra, ó ń dùn ún, ó sì tún gbé e sókè fún mi kí n wò ó.